Ẹ̀gún lẹ rí, eyín ni kí ẹ wò: ta ni Diodon?

Bí ẹ bá ti rí àwòrán ẹja kan rí tó wú roboto bíi bọ́ọ̀lù, tí ẹ̀gún yọ síta lára rẹ̀ yípo, tí ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀rù bà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Diodon lẹ rí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orúkọ mẹ́ta mẹ́rin ni wọ́n máa ń pe àwòrán kan ṣoṣo yẹn. Ẹnì kan á ní ẹja tó ń wú ni, ẹlòmíì á ní ẹja olóró ni, ẹnì kẹta á ní ẹja òòrẹ̀ ni. Ẹni tó bá wá kà níbì kan pé Diodon wà láàyè lónìí, tó tún kà níbòmíì pé Diodon ti di òkúta tipẹ́tipẹ́, á máa bi ara rẹ̀ léèrè pé èwo ni kóun gbà.

Òótọ́ ni méjèèjì. Diodon wà nínú òkun bí mo ṣe ń kọ èyí, ó sì wà nínú òkúta pẹ̀lú, ìyẹn àwọn tó ti kú láyé àtijọ́ tí ohun tó kù lára wọn ti di òkúta. Ohun tó ń rú wa lójú ni pé ẹ̀gún ara rẹ̀ la máa ń tẹjú mọ́. Ẹ jẹ́ ká gbójú kúrò lára ẹ̀gún fúngbà díẹ̀, ká wo ẹnu rẹ̀, torí ẹnu yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Carl Linnaeus, onímọ̀ ọmọ Súwídìn tó lo ọjọ́ ayé rẹ̀ láti máa sọ ewéko àti ẹranko lórúkọ, ló kọ orúkọ Diodon sílẹ̀ lọ́dún 1758. Èdè Gíríìkì ló ti mú un: “di” ni méjì, “odous” ni eyín. Eléyín-méjì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ má rò pé eyín méjì ló dá dúró lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́ o. Àwọn eyín rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara wọn ni, wọ́n ti di odindi kan lókè, odindi kan nísàlẹ̀. Bí ẹ bá mọ bí ẹnu odídẹrẹ́ ṣe rí, ẹ ti mọ bí ẹnu Diodon ṣe rí: ó le, ó tẹ̀ kọrọdọ, etí rẹ̀ mú. Eyín yìí kì í tán, torí bí iwájú rẹ̀ ṣe ń jẹ ni tuntun ń hù láti inú wá.

Ẹja mìíràn wà tí Linnaeus yìí kan náà pè ní Tetraodon, ìyẹn eléyín-mẹ́rin. Òun náà máa ń wú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Tiẹ̀ yàtọ̀ ní ti pé ìlà kan là á láàárín lókè, òmíràn là á láàárín nísàlẹ̀, awẹ́ mẹ́rin sì ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹnu Diodon kò ní ìlà kankan níwájú. Ara eléyín-mẹ́rin sábà máa ń jọ̀lọ̀, tàbí kó ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tí ojú lè má tètè rí. Ti Diodon kò ṣeé fojú fò. Ṣùgbọ́n bí iyèméjì bá wà, ẹ wo iwájú ẹnu. Bí ìlà bá wà níbẹ̀, kì í ṣe Diodon.

Wàyí o, kí ni wọ́n ń pè ní “genus” tí wọ́n máa ń kọ mọ́ orúkọ yìí? Mo fẹ́ràn láti máa fi ilé ṣàlàyé rẹ̀. Àdúgbò ńlá kan wà tó ń jẹ́ Tetraodontiformes. Nínú àdúgbò yẹn ni agboolé Diodontidae wà, agboolé gbogbo ẹja tó ní odindi eyín kan lókè àti ọ̀kan nísàlẹ̀, tí ẹ̀gún sì bò lára. Nínú agboolé yẹn, ojúlé pọ̀. Diodon jẹ́ ojúlé kan níbẹ̀. Genus ni ojúlé. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ni ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí orúkọ wọn fi máa ń jẹ́ méjì: àkọ́kọ́ ń sọ ojúlé tí wọ́n ti wá, ìkejì jẹ́ ti ẹni náà gan-an. Diodon hystrix, fún àpẹẹrẹ, ará ojúlé Diodon ni, hystrix tó ń jẹ́ sì túmọ̀ sí òòrẹ̀. Nítorí náà, kò sí àṣìṣe nínú kí wọ́n sọ pé Diodon ń bẹ láàyè, kí wọ́n sì tún sọ pé Diodon wà nínú òkúta. Ilé kan lè ní alààyè, kó ní òkú, kó jẹ́ orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Márùn-ún ni àwọn tó ṣì ń mí nínú ojúlé náà. Diodon hystrix ló tóbi jù, ó lè gùn tó 91 sẹ̀ǹtímítà, àmì dúdú kéékèèké ló sì kún ara rẹ̀ títí dé orí lẹbẹ. Diodon holocanthus kò tó o, 50 sẹ̀ǹtímítà ni òtéńté rẹ̀; ojú àpá aláwọ̀ ilẹ̀ ńláńlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀, lẹbẹ rẹ̀ kò ní àmì, ẹ̀gún iwájú orí rẹ̀ sì gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Àwọn méjì yìí wà káàkiri àwọn òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yíká ayé. Diodon liturosus ń gbé Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì, àpá dúdú ara rẹ̀ ní etí funfun bí ẹni fi ẹfun tọ́ ọ. Diodon nicthemerus kì í kúrò ní gúúsù Ọsirélíà. Orúkọ rẹ̀ pa òru àti ọ̀sán pọ̀, bóyá nítorí ọ̀já dúdú tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó funfun. Ìkarùn-ún, Diodon eydouxii, ló yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Àwọn tó kù máa ń fara pamọ́ sínú ihò òkúta àti òkìtì iyùn lọ́sàn-án, wọ́n á dá jáde lóru láti wá oúnjẹ. Eydouxii kò ní ilé kankan: ojú agbami ló ń gbé látìgbà ìbí títí dọjọ́ ikú, agbo ni wọ́n sì máa ń tò. Kò ju 27 sẹ̀ǹtímítà lọ.

Lóòótọ́, gbogbo wọn ló kọ́kọ́ máa ń gbé agbami. Ọmọ hystrix lè máa léfòó lójú òkun títí á fi gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí òkìtì iyùn. Lásìkò yẹn ni tuna àtàwọn ẹja apẹja mìíràn máa ń gbé wọn mì jù.

Ohun tí wọ́n ń jẹ ló sọ ìdí tí ẹnu wọn fi rí bẹ́ẹ̀: ìgbín òkun, akàn, akàn tó ń gbé inú ìkarahun ìgbín, àti ẹranko roboto kan tí ẹ̀gún òun náà bo gbogbo ara rẹ̀ nísàlẹ̀ òkun. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rọ̀. Ẹja mìíràn á yí wọn po, kò ní mọ ibi tóun á ti bẹ̀rẹ̀. Diodon á kàn gbé e sẹ́nu, á sì fọ́ ọ. Ẹnu tó ń fọ́ ìkarahun ìgbín kò ní fojú ire wo ìka ọwọ́ èèyàn, ẹ rántí èyí bí ẹ bá bá a pàdé nínú omi.

Nípa ti wíwú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà gbogbo. Rárá. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́ ayé rẹ̀, Diodon gùn gbọọrọ díẹ̀ bí ẹja, ẹ̀gún rẹ̀ sì sùn sẹ́yìn mọ́ ara, gbogbo wọn kọjú sí ìrù. Ìgbà tí ẹ̀rù bá bà á tàbí tí nǹkan gbá a mú nìkan ló ń wú, omi ló sì fi ń wú, kì í ṣe atẹ́gùn. Ó máa ń gbé omi mì kíákíá, ẹnu kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni ń fa pọ́ǹpù. Omi náà á wọ àpòlúkù rẹ̀, á sì dúró síbẹ̀. Àpòlúkù yìí kì í da oúnjẹ mọ́. Ìfun ló gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Àpò omi ló kù tó jẹ́, ó sì ká jọ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po, kó lè rí àyè fẹ̀.

Lọ́dún 1994, Elizabeth Brainerd, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, gbé àyẹ̀wò kan jáde lórí ara holocanthus tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa dáadáa. Ẹja yìí kò ní egungun ìhà. Kò ní egungun ìbàdí pẹ̀lú. Bí ẹ bá rò ó wò, ẹ ó rí i pé kò sí bí egungun ìhà ṣe lè wà lára ẹni tó fẹ́ di roboto. Awọ rẹ̀ pàápàá ní ìṣẹ́po wẹ́wẹ́ tó ń tú bí omi ṣe ń kún, ẹ̀yìn ìyẹn ni awọ náà á wá le gan-an bí awọ ìlù tí wọ́n fà.

Níbi tí awọ ti le yìí ni ẹ̀gún ti dìde, apá yìí ló sì wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìpẹ́ ni ẹ̀gún náà ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ìpẹ́ tó gùn tó sì mú. Ẹ mú ẹ̀gún kan ṣoṣo lára Diodon tó ti kú, ẹ yọ ọ́ kúrò lára awọ, ẹ gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Kò rí bí abẹ́rẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ya sí méjì, apá kan sí ọ̀tún, apá kan sí òsì, bíi lẹ́tà T tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Àwọn ẹsẹ̀ méjì yẹn ló máa ń sùn sínú awọ. Nígbà tí awọ bá dẹ̀, ẹ̀gún á dùbúlẹ̀. Nígbà tí awọ bá fà le láti ọ̀tún àti òsì, á fa ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ̀gún á sì dìde dúró ṣánṣán. Ẹja náà kò ní láti pàṣẹ fún ẹ̀gún kankan. Kó ṣáà ti gbé omi mì, gbogbo rẹ̀ á dìde pa pọ̀.

Ẹ̀gún yìí kì í fò jáde lára rẹ̀ láti gún ẹnikẹ́ni. Kò sì ní oró nínú. Ó ń gún èèyàn ni, kì í ta á lóró.

Ẹsẹ̀ ẹ̀gún yìí náà la fi ń dá Diodon mọ̀ yàtọ̀ sí aládùúgbò rẹ̀ kan nínú agboolé, ìyẹn Chilomycterus. Ẹ̀gún Chilomycterus kúrú, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, ó sì dúró gbọin síbi tó wà, yálà ẹja náà wú tàbí kò wú. Bí ẹ bá rí ẹja eléyín-méjì tí kò wú, àmọ́ tí ẹ̀gún kúkúrú rẹ̀ dúró gangan, ojúlé mìíràn lẹ dé yẹn.

Charles Darwin gan-an, gbajúmọ̀ onímọ̀ ẹranko àti ewéko ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bọ́ sínú ìdàrúdàpọ̀ yìí. Lọ́dún 1832, ní Bahia ní ilẹ̀ Bràsílì, wọ́n mú ẹja kan nítòsí èbúté, ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹja náà lè gba omi àti atẹ́gùn sínú, pé ó máa ń dojú ikùn sókè léfòó, pé ó máa ń bu nǹkan jẹ dáadáa, ó sì máa ń tu omi láti ẹnu. Ó tún rí oje pupa kan tó ń jáde lára awọ ikùn rẹ̀, tó kun ìwé àti eyín erin débi pé kò ṣí mọ́. Diodon antennatus ló pè é. Lónìí, ojúlé Chilomycterus ni àwọn onímọ̀ ka antennatus sí. Bẹ́ẹ̀, Darwin kò ṣì í pè o. Ojúlé ọ̀hún ni wọ́n pín lẹ́yìn náà.

Inú ohun tí Darwin kọ yìí náà ni ìtàn ẹja ekurá ti wá, èyí tí wọ́n ṣì ń gbé kiri títí dòní. Dókítà Allan kan, ará Forres ní Scotland, ló sọ fún Darwin pé òun ti máa ń bá Diodon nínú ikùn ẹja ekurá, láàyè, tó wú, àti pé òun mọ̀ pé ó ti jẹ ikùn ẹja ekurá lu rí, tó sì jáde láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Darwin gbọ́ ọ ni, kò rí i. Ẹnu tó ń fọ́ ìgbín yìí kò ní kọ iṣẹ́ náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ ni ká máa pè é.

Kí n tó kúrò lórí wíwú: ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, ẹ má mọ̀ọ́mọ̀ bí i nínú kó lè wú fún àwòrán. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ méjì tó ń jẹ́ Georgia McGee àti Timothy Clark wọn bí eléyín-mẹ́rin kékeré kan ṣe ń mí nígbà tó wú, ní òkìtì iyùn ńlá Ọsirélíà. Wọ́n rí i pé kì í dá èémí dúró gẹ́gẹ́ bí àwọn èèyàn ṣe rò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà á ju wákàtí márùn-ún lọ kí ara rẹ̀ tó balẹ̀ padà. Ìbátan Diodon nìyẹn. Èyí tí wọ́n bá gbé jáde kúrò nínú omi tún burú ju, torí atẹ́gùn ló máa gbé mì, ó sì máa ń ṣòro fún un láti tú u jáde. Ó lè máa léfòó lójú òkun, ikùn lókè, tí kò ní lè wọlé padà.

Ti májèlé ńkọ́? Májèlé tetrodotoxin ló sọ agboolé eléyín-mẹ́rin di ẹni tí gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Bakitéríà ló ń ṣe é, ẹja ń kó o jọ sára, ó sì ń dí ọ̀nà tí iṣan fi ń ránṣẹ́ síra wọn, títí èémí á fi dá. Kò sí oògùn tó ń pa á. Diodon kò fi bẹ́ẹ̀ gbajúmọ̀ fún un, ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní Okinawa ní Jàpáánù, wọ́n ń jẹ ẹja yìí, abasaa ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Òfin Jàpáánù fàyè gba ẹran ara rẹ̀, kò sì fàyè gba ẹ̀dọ̀ àti ilé ẹyin rẹ̀. Ibi tí òfin bá ti ya inú ẹja sọ́tọ̀ báyìí, ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Àwọn ará Jàpáánù yòókù ń pè é ní harisenbon, abẹ́rẹ́ ẹgbẹ̀rún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gún ara rẹ̀ kò tó ìdajì 1,000.

Ní erékùṣù Kiribati láàárín Pàsífíìkì, awọ Diodon tó wú tó sì gbẹ ni àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ fi ń ṣe àkẹtẹ̀ ogun. Te barantauti ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á dé e lé orí, wọ́n á wọ ẹ̀wù tí wọ́n fi okùn èèpo àgbọn hun, wọ́n á gbé idà tí wọ́n to eyín ẹja ekurá sí létí. British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní irú àkẹtẹ̀ yìí.

Àmọ́ awọ kì í pẹ́ bí òkúta. Nígbà tí Diodon bá kú sísàlẹ̀ òkun, awọ rẹ̀ á jẹrà, ẹ̀gún rẹ̀ á fọ́n ká sínú iyanrìn, egungun rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ á túká. Ohun tó ń dúró ni eyín. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ Diodon tó ti di òkúta fi jẹ́ ẹnu lásán, tí kò sí ẹja lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí nìyẹn náà tí àwọn onímọ̀ fi máa ń jiyàn lórí wọn: ojúlé méjì tí a fi ẹsẹ̀ ẹ̀gún dá mọ̀ yàtọ̀ nígbà tí wọ́n wà láàyè, báwo la ó ṣe dá wọn mọ̀ nígbà tí ẹ̀gún bá ti lọ, tó ku eyín nìkan? Ó ṣòro gan-an.

Ẹni tó ṣe kàyéfì jù sí mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Agostino Scilla, ayàwòrán ọmọ Messina ní Sísílì. Lásìkò tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé òkúta tó jọ eyín àti ìkarahun kàn hù bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀ ni, pé kì í ṣe ti ẹranko kankan. Scilla fi ojú ayàwòrán wò wọ́n. Ó ya àwọn tí wọ́n kó wá láti Málítà àti Sísílì, ó sì tẹ̀ wọ́n jáde lọ́dún 1670, ó sọ ọ́ ketekete pé ara ohun tó ti wà láàyè rí ni wọ́n. Ní ohun tó lé ní 150 ọdún lẹ́yìn náà, Louis Agassiz, ọmọ Switzerland tó mọ ẹja inú òkúta ju ẹnikẹ́ni lọ nígbà náà, fún Diodon kan tó ti di òkúta lórúkọ, Diodon scillae ló pè é, ní ìrántí ayàwòrán náà.

Ibì kan wà tí odindi ẹja ti bọ́ lọ́wọ́ ìjẹrà. Ní Monte Bolca, nítòsí Verona ní àríwá Ítálì, ẹrẹ̀ dídán bo ẹja mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ó sì pa wọ́n mọ́ tẹ̀gún tẹ̀gún. Agassiz yìí kan náà rí àwọn eléyín-méjì láàárín wọn, ó sì kọ wọ́n sí ojúlé Diodon. Àwọn tó tún wọn wò lẹ́yìn rẹ̀ rí i pé wọ́n yàtọ̀ tó láti ní ojúlé tiwọn, wọ́n sì pè é ní Prodiodon. Bí ẹ bá ka ìwé àtijọ́ tó pè wọ́n ní Diodon, tí ẹ tún ka ti òde òní tó pè wọ́n ní Prodiodon, ẹja kan náà ni.

Bí ẹnì kan bá fún yín ní irú eyín òkúta yìí lọ́jọ́ kan, ẹ má kàn wò ó lójú lásán. Ẹ yí i dà, ẹ wo inú rẹ̀, níbi tó ń kọjú sí ọ̀nà ọ̀fun nígbà ayé ẹja náà. Ẹ ó rí òkìtì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sì gba àárín wọn (inú nìyí o, kì í ṣe iwájú ẹnu tí mo ní kò ní ìlà). Òkìtì kọ̀ọ̀kan jẹ́ pẹlẹbẹ lórí pẹlẹbẹ, bí ewé ìwé tí wọ́n tò léra. Ibẹ̀ ni ó fi ń lọ nǹkan. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ṣì mú létí, torí wọn kò tíì kan iṣẹ́ nígbà tí ẹja náà kú. Èyí tó wà lókè pátápátá ti jẹ wọlé, ó sì ń dán, níbi tí ìkarahun ti ń fọ́ lára rẹ̀ lálaalẹ́.